Tẹlifíṣọ̀n HD ọ̀fẹ́ nílùú Ọba: ohun táwọn èèyàn wa máa ń bi mí

Iṣẹ́ áńtẹ́nà àti díìṣì ni mò ń ṣe ní gúúsù ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Peckham, Woolwich, Thamesmead, ibẹ̀ lọ́pọ̀ àwọn oníbàárà mi wà, Yorùbá ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tó máa ń dùn mí ni kí n wọlé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ń fi òru ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àgbàlagbà, kí n wá rí i pé ó ń sanwó tẹlifíṣọ̀n lóṣooṣù, nígbà tó jẹ́ pé ìròyìn BBC àti eré àwọn ọmọ nìkan ni wọ́n ń wò nínú ilé náà. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ìyẹn. Orí òrùlé rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Àwọn ìbéèrè tó ń wá sórí fóònù mi léraléra ni mo kó jọ síbí, kí ẹni tó bá fẹ́ lè kà wọ́n kó tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ lèèyàn lè wo HD, àwòrán tó mọ́ kedere yẹn, láìsan kọ́bọ̀ lóṣooṣù?

Òótọ́ ni. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Freeview ń gba ara áńtẹ́nà wọlé, Freesat ń gba ara díìṣì, Freely ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Freeview ló dàgbà jù: 30 oṣù kẹwàá ọdún 2002 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tí ITV Digital, tó ń gbowó lọ́wọ́ aráàlú, ti wó lọ́dún yẹn kan náà. HD dé orí rẹ̀ ní oṣù kejìlá 2009. Freesat bẹ̀rẹ̀ ní 6 oṣù karùn-ún 2008. Freely ni àbíkẹ́yìn wọn, 30 oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n gbé e jáde. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Everyone TV ló ń bójú tó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, BBC, ITV, Channel 4 àti Channel 5 ló sì jọ ni ín.

Kò sí àdéhùn oṣù méjìdínlógún. Kò sí káàdì tí èèyàn ń kì bọ dikódà. Kò sí ẹni tó máa gé e tí oṣù bá parí. Ẹ ra irinṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Lórí Freeview tàbí Freesat, tó bá ti jókòó dáadáa, ẹ tẹ 101 lórí rìmóòtù, BBC One HD á yọ. 102 ni BBC Two, 103 ni ITV1, 104 ni Channel 4, 105 ni Channel 5. Àwọn ìkànnì mìíràn tún wà lóríṣiríṣi, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe HD, ṣùgbọ́n àwọn márùn-ún yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ń wò jù.

Ta ló wá ń sanwó rẹ̀? A mọ̀ pé kò sí ohun ọ̀fẹ́ nílùú Òyìnbó.

BBC ń jẹun lára TV licence. ITV, Channel 4 àti Channel 5 ń jẹun lára ìpolówó ọjà. Ìjọba ló ni Channel 4, síbẹ̀ owó ìpolówó náà ló ń gbé e ró. Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn ní 31 oṣù kẹwàá 1959, ẹni tó bá ti ní tẹlifíṣọ̀n àti áńtẹ́nà ti ríran wò. Àṣà kí èèyàn máa sanwó oṣù kó tó rí ìròyìn wò, ẹ̀yìn wá ló dé.

TV licence ńkọ́? Ṣé òun náà kì í ṣe owó tẹlifíṣọ̀n ni?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dà rú, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sí i.

Licence kì í ṣe owó ìkànnì. Owó tí òfin ní kí èèyàn san ni. Ó dà bíi pátíkùlà ọkọ̀: ẹni tó bá ń wa mọ́tò lójú títì gbọ́dọ̀ ní in, ibi yòówù kó ń lọ. Òfin náà kò le láti yé èèyàn. Ẹni tó bá ń wo ètò tẹlifíṣọ̀n lásìkò tí wọ́n ń gbé e sáfẹ́fẹ́ gan-an, ìyẹn láìfù, gbọ́dọ̀ ní licence, ìkànnì yòówù kó jẹ́, orí ẹ̀rọ yòówù kó ti máa wò ó, tẹlifíṣọ̀n ni o, fóònù ni o, kọ̀ǹpútà ni o. Ẹni tó bá sì ń lo BBC iPlayer, ibi tí BBC ń kó ètò rẹ̀ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbọ́dọ̀ ní in, kódà kó jẹ́ ètò àná ló ń wò níbẹ̀.

Ní 1 oṣù kẹrin 2025, £174.50 ni wọ́n sọ ọ́ di fún ọdún kan. Oṣù kẹrin ni iye rẹ̀ sábà máa ń yí padà, nítorí náà ẹ wo ti ọdún tí ẹ wà kí ẹ tó san án. Wọ́n gbà kí èèyàn máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 75 tó sì ń gba Pension Credit, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba fún àgbàlagbà tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀, ọ̀fẹ́ ni tirẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran ń san ìdajì. Mo ti bá àwọn ìyá àgbà pàdé tí Pension Credit tọ́ sí, tí wọn ò béèrè rí nítorí pé ojú ń tì wọ́n. Ẹ bá wọn béèrè o. Ẹ̀tọ́ wọn ni.

Ẹni tó jẹ́ pé ohun tí kì í ṣe láìfù lórí Netflix tàbí YouTube, tàbí ètò àtẹ̀yìnwá lórí ITVX, ti ITV lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nìkan ló ń wò kò nílò licence. Kó sọ bẹ́ẹ̀ fún TV Licensing, àwọn tó ń gbowó licence, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́tà wọn máa ń ba èèyàn lẹ́rù, mo mọ̀. Mo dé ilé arábìnrin kan tó kó lẹ́tà mẹ́sàn-án sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò tú ìkankan nínú wọn, nítorí ó rò pé tí òun bá tú u, wọ́n á dá òun padà sílé. A jọ jókòó, a tú wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ físà kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n láìní licence, ilé-ẹjọ́ lè bu ìtanràn tó tó £1,000 lé e. Òṣìṣẹ́ wọn tó bá kanlẹ̀kùn kò láṣẹ láti wọlé bí ẹ kò bá gbà á láyè, àyàfi tó bá gba ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ wá.

Yàrá kan ni mo gbà nínú ilé tí a pọ̀ sí. Ṣé licence lánlọ́ọ̀dù kò tó fún gbogbo wa?

Ẹ wo ìwé tí ẹ fi gba ilé. Bó bá jẹ́ pé ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo yín jọ fọwọ́ sí, licence kan tó fún gbogbo ilé. Bó bá jẹ́ pé yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀, oníyàrá kọ̀ọ̀kan ló máa ra tirẹ̀ tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àyè kan wà: bí àwọn òbí yín bá ní licence níbi tí wọ́n ń gbé nílùú Ọba níbí, ẹ lè fi fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù wo ètò láìfù nílé-ìwé, tó bá ti jẹ́ pé bátìrì inú rẹ̀ ló ń lò, tí ẹ kò kì í bọ iná. Ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ wà l'Abẹ́òkúta, èyí kò kàn án.

Wọ́n kọ "HD Ready" sára tẹlifíṣọ̀n mi. Kí ló dé tí mi ò rí HD?

Ìbéèrè yìí ló ń bá owó àwọn èèyàn jẹ jù lọ. "HD Ready" túmọ̀ sí pé ojú tẹlifíṣọ̀n náà lè gbé àwòrán HD jáde. Kò sọ pé etí rẹ̀ lè gbọ́ ọ. Freeview HD ń fi ọ̀nà ìgbéjáde tuntun kan tí wọ́n ń pè ní DVB-T2 rìn, àwọn tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2010 kò sì ní ẹ̀rọ tó ń gbà á nínú. Wọn yóò gba BBC One lórí nọ́ńbà 1, àmọ́ 101 kò ní yọ, bí áńtẹ́nà tilẹ̀ dára tó báwo.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa wá lára tẹlifíṣọ̀n ni "Freeview HD", "Freeview Play" tàbí "Freely", tàbí kí ẹ wá DVB-T2 nínú ìwé rẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ má ju tẹlifíṣọ̀n nù. Ẹ ra dikódà Freeview HD kékeré, kí ẹ fi wáyà HDMI so ó mọ́ ọn. Wáyà HDMI ni o. Mo ti bá dikódà HD tó dára nílé èèyàn tó fi wáyà àtijọ́ oníhò gbọọrọ, èyí tí wọ́n ń pè ní SCART, so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọdún méjì ló fi ń wo SD, àwòrán tí kò mọ́ tó HD, láìmọ̀.

Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì. Àwòrán SD ní ìlà 576 láti òkè dé ìsàlẹ̀. HD ní 1080. Lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré inú kíṣìnì, ẹ lè má mọ̀. Lórí ńlá inú pálọ̀, bí ẹnì kan bá wọ aṣọ òfì jáde nínú ìròyìn, SD á fi hàn bí aṣọ tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, HD á jẹ́ kí ẹ rí òwú tó gba inú rẹ̀ kọjá.

Irú áńtẹ́nà wo ni kí n rà, níbo ni kí n sì gbé e sí?

Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ẹ ti ní ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ilé nílùú yìí ló ní áńtẹ́nà lórí òrùlé láti ayébáyé, wáyà rẹ̀ á sì ti sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀yìn àga kan tí ẹ kò ṣí kúrò rí. Ní ọdún 2012 ni wọ́n pa ọ̀nà ìgbéjáde tẹlifíṣọ̀n ìgbà àtijọ́ (analogue) tán pátápátá: ti Lọ́ńdọ̀nù parí ní oṣù kẹrin, Northern Ireland ló kẹ́yìn ní 24 oṣù kẹwàá. Àwọn èèyàn wá rò pé áńtẹ́nà àtijọ́ ti di pàǹtí. Rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Tí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ti orí òrùlé ló dára jù, ti inú àjà ló tẹ̀ lé e, ti orí tábìlì ló kẹ́yìn. Ògiri bíríkì ń jẹ nínú agbára tó ń bọ̀, òjò ń jẹ níbẹ̀, bọ́ọ̀sì tó ń kọjá níwájú ilé náà ń jẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo ti inú ilé, kó gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé tó kọjú sí òpó ìgbéjáde, kó gbé e sókè bó ti lè ṣe é ṣe tó.

Òpó wo? Ní Lọ́ńdọ̀nù, Crystal Palace ni fún ọ̀pọ̀ jù lọ wa. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 219, ẹni tó bá dúró lórí òkè ní Nunhead tàbí Dulwich á rí i kedere, iná pupa sì máa ń wà lára rẹ̀ lálẹ́. Ní Manchester, Winter Hill ni. Ní Birmingham, Sutton Coldfield. Ní Leeds, Emley Moor. Lórí ìkànnì Freeview lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi postcode yín sí i, á sọ ohun tí ẹ lè rí gbà.

Ohun kékeré kan: ẹ wo bí àwọn ọ̀pá wẹ́ẹ́rẹ́-wẹ́ẹ́rẹ́ ara áńtẹ́nà àwọn ará àdúgbò ṣe dùbúlẹ̀. Bí wọ́n bá nà gbalaja, kí tiyín náà nà gbalaja. Bí wọ́n bá dúró ṣánṣán, òpó kékeré ló sábà máa ń fún àdúgbò náà, kí tiyín náà dúró ṣánṣán. Mo ti tún èyí ṣe fún ẹnì kan ní Plumstead láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, lẹ́yìn tó ti ra áńtẹ́nà mẹ́ta.

Mo ra búsítà kí àwòrán lè mọ́ sí i, ló bá tún wá bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ yọ ọ́ kúrò. Òótọ́ ni mo wí.

Búsítà kì í dá agbára tuntun sílẹ̀, ohun tó bá bá nínú wáyà ló ń sọ di ńlá, ìdọ̀tí àti ohun rere. Ẹni tó ń gbé Peckham kò jìnnà sí Crystal Palace rárá. Agbára tó ń bọ̀ wá bá a ti pọ̀ tó. Tó bá tún fi búsítà kún un, á dà bí ìgbà tí wọ́n gbé ẹnu sí èèyàn létí tí wọ́n ń pariwo. Etí á di. Àwòrán á máa já wẹ́wẹ́ bí àwo tó fọ́, ohùn á máa gé. Bàbá kan ní Camberwell ní búsítà méjì tó so tẹ̀ léra. Nígbà tí mo yọ méjèèjì, tí mo so wáyà mọ́ tẹlifíṣọ̀n lásán, gbogbo ìkànnì rẹ̀ padà. Bàbá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Owó tí mo fi rà wọ́n, ṣé wọ́n á dá a padà?"

Búsítà wúlò fún ẹni tó jìnnà sí òpó, tàbí tí wáyà rẹ̀ gùn gan-an, tàbí tó pín áńtẹ́nà kan sí yàrá mẹ́rin. Ara òpó áńtẹ́nà lókè ni wọ́n sì ti ń so ó, kì í ṣe ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n.

Díìṣì Sky, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń gbowó oṣù, wà lára ògiri ilé tí mo kó wọ̀. Ẹni tó lò ó ti lọ. Ṣé ó lè wúlò fún mi?

Ó wúlò gan-an, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá gbọ́ ìbéèrè yìí. Freesat àti Sky ń kọjú sí ibì kan náà lójú ọ̀run: àwọn sátẹ́láìtì Astra tó wà ní digírì 28.2 níhà ìlà oòrùn. Orí ìlà agbedeméjì ayé ni wọ́n wà, lókè ilẹ̀ Kóńgò, ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000 sókè. Ìdí nìyẹn tí díìṣì Sky àti Freesat nílùú yìí fi kọjú sí gúúsù ìlà oòrùn. Ọ̀nà ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń wò.

Ẹ ra dikódà Freesat HD, tàbí kí ẹ wò bóyá tẹlifíṣọ̀n yín ti ní Freesat nínú, kí ẹ yí wáyà mọ́ ọn. Ohun kan ṣoṣo tó lè dínà ni LNB, ìyẹn orí kékeré tó wà níwájú díìṣì. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá lo Sky Q, irú dikódà Sky kan, LNB tirẹ̀ yàtọ̀, ọ̀pọ̀ dikódà Freesat àtijọ́ kì í bá a ṣe. Ẹ pààrọ̀ LNB nìkan, kò wọ́n. Ẹ fi díìṣì sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ má tì í, ẹ má fà á, nítorí bó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ó parí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo orí wáyà. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí ìdajì gbogbo àìsàn díìṣì. Tí ẹ bá tú irin kékeré orí wáyà náà, ẹ ó rí ọ̀rá dúdú lóde, okùn irin wínníwínní tó yí i ká, fóòmù funfun, àti bàbà kan ṣoṣo láàárín. Bàbà yẹn gbọ́dọ̀ máa tàn bí kọ́bọ̀ tuntun. Tó bá ti di aláwọ̀ ewé, omi ti wọlé. Ẹ gé e títí ẹ ó fi débi tó ń tàn. Ẹ wá fi ọ̀bẹ bó ọ̀rá dúdú bí ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò, ẹ tẹ okùn wínníwínní náà padà sẹ́yìn, ẹ bó fóòmù, kí ẹ yí irin tuntun lé e títí bàbà á fi yọ orí jáde díẹ̀. Okùn wínníwínní kan ṣoṣo tó bá fara kan bàbà yẹn, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Ẹyọ kan péré! Mo máa ń gbé e sí iwájú iná kí n tó ṣe é, tí mo bá ṣe é tán, mo tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Bí ó bá jẹ́ pé òkè ògiri ni ẹ ti máa ṣe gbogbo èyí, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Àkàbà ti ṣe àwọn èèyàn léṣe.

BBC ṣàdédé parẹ́ lórí dikódà díìṣì mi àtijọ́. Ṣé díìṣì ló bàjẹ́?

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní 2024, BBC dáwọ́ gbígbé àwòrán SD sórí sátẹ́láìtì dúró. HD nìkan ló kù. Dikódà tí kò mọ HD kò lè rí BBC mọ́, bí ITV bá tilẹ̀ ń yọ. Ẹ pààrọ̀ dikódà.

Ní ti Freeview, wọ́n máa ń ṣí àwọn ìkànnì kúrò níbì kan lọ síbòmíràn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ inú Menu, ẹ wá ibi tó ti máa wá ìkànnì láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣe é tán. Ojúmọ́ kan kì í mọ́ kí n má sọ èyí lórí fóònù, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé òun náà ni gbogbo wàhálà.

Fúláàtì ni mò ń gbé. Lánlọ́ọ̀dù ní mi ò gbọdọ̀ so nǹkan kan mọ́ ògiri.

Ẹ wo ògiri pálọ̀ yín ná. Nínú ọ̀pọ̀ fúláàtì, áńtẹ́nà kan wà lórí òrùlé fún gbogbo ilé, ihò rẹ̀ á sì wà lára ògiri, nígbà mìíràn wọ́n á kọ TV, FM àti SAT sí i lórí. Wáyà lásán ni ẹ nílò. Bí ihò náà bá wà tí kò ṣiṣẹ́, ẹ kọ̀wé sí lánlọ́ọ̀dù tàbí àwọn tó ń bójú tó ilé. Ẹ má fẹnu sọ ọ́ lásán, ẹ kọ ọ́.

Bí kò bá sí, Freely ni. Íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín ló ń lò, kò nílò áńtẹ́nà tàbí díìṣì, inú àwọn tẹlifíṣọ̀n tuntun kan ló sì máa ń wà láti ilé-iṣẹ́. Kì í jẹ́ kí ìkankan nínú ìkànnì ńlá wọ̀nyẹn ṣọnù fún yín.

Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Nítorí bọ́ọ̀lù lọkọ mi ṣe ń sanwó.

Màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Premier League láìfù kì í ṣe ọ̀fẹ́ nílùú yìí. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ rí gbogbo bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ rẹ̀ lásìkò gan-an á sanwó, tàbí kó lọ wò ó níta. Àmọ́ Match of the Day, tó ti wà láti 1964, ń fi àwọn góòlù hàn lórí BBC One lálẹ́ Sátidé, HD, ọ̀fẹ́.

Òfin kan tún wà, ti ọdún 1996, tó dáàbò bo àwọn ìdíje kan kí ẹnikẹ́ni má baà tì wọ́n mọ́ ẹ̀yìn owó. Lára wọn ni Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ìdíje Euro, Òlíḿpíìkì, àṣekágbá FA Cup àti ti Wimbledon. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ láyè láti fi wọ́n hàn. AFCON kò sí nínú ìwé òfin yẹn, ó sì ń ká mi lára, torí pé àwa tí a ń wò ó níbí kì í ṣe èèyàn díẹ̀. Ẹni tó bá ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dún náà ló ń pinnu. Nítorí náà, kí ọkọ yín ka iye eré bọ́ọ̀lù tó wò lóòótọ́ láàárín ọdún kan, kó fi iye yẹn pín owó tó san. Mo ti jókòó ti àwọn èèyàn ṣe ìṣirò yìí.

Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ń ta firestick, ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, tó ní gbogbo ìkànnì ayé, £60 fún ọdún kan. Ṣé kí n rà á?

Ẹ má rà á. Ọ̀pá náà fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀bi, ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀ ló jẹ́ olè. Ẹni tó ń tà á ń rú òfin, ẹni tó ń wò ó náà kò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀ níbẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wa ni a fẹ́ kí ọlọ́pàá máa kọ orúkọ wa sílẹ̀ nílùú tí a ti ń wá ìwé ìgbélùú. Ẹ tún rò ó pé orí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà tí ẹ fi ń wo báǹkì yín ni ẹ gbé e sí. Ẹ kò mọ ẹni tó kọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Obìnrin kan tí mo mọ̀ sanwó ọdún kan lówó lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ojú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ dúdú. Nọ́ńbà ẹni tó tà á kò lọ mọ́. Ilé-ẹjọ́ wo ló máa gbé e lọ?

Ṣé mo lè rí ìkànnì Nàìjíríà lọ́fẹ̀ẹ́?

Channels Television ń gbé ètò rẹ̀ láìfù lórí YouTube, ẹ sì lè gbé YouTube sórí tẹlifíṣọ̀n ńlá. Àwọn mìíràn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé òfin licence kò yọ ìkànnì òkèèrè sílẹ̀: ẹni tó bá ń wo ètò tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà láìfù nínú ilé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù nílò licence bí ẹni tó ń wo BBC. Fíìmù Yorùbá tó ti wà lórí YouTube tẹ́lẹ̀, ìyẹn kò kàn án.

Mo fẹ́ gbé dikódà Freesat mi lọ sílé fún màmá mi ní Ìjẹ̀bú.

Ẹ fi owó ẹrù yẹn ra nǹkan mìíràn fún wọn. Mo ti sọ pé lókè ilẹ̀ Áfíríkà ni sátẹ́láìtì náà wà, àmọ́ iná tó ń tàn kò kọjú sísàlẹ̀. Àwọn erékùṣù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n dojú àwọn ìkànnì yẹn kọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọjá ibẹ̀. N'Íjẹ̀bú, díìṣì kò ní rí i. Dikódà Freeview náà kò ní bá BBC kankan pàdé níbẹ̀. Ètò tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ tuntun ti Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì ní 30 oṣù kẹrin 2016, tó sì dé Èkó ní 29 oṣù kẹrin 2021, dikódà tirẹ̀ ló ń lò.

Houston ni mo wà ní tèmi.

Tiyín tún rọrùn jù. Kò sí licence l'Amẹ́ríkà. Láti 12 oṣù kẹfà 2009 tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti kúrò lórí analogue àtijọ́, áńtẹ́nà lásán ń gbé ABC, CBS, NBC, Fox àti PBS wọlé ní HD. Òfin FCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó tẹlifíṣọ̀n àti rédíò níbẹ̀, sì gbà kí ayálégbé gbé áńtẹ́nà sí bálíkóní tirẹ̀. Àmọ́ ẹ má ra dikódà láti Lọ́ńdọ̀nù, èdè tí tiyín ń sọ yàtọ̀.

Màmá mi ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, wọ́n ń gbé ọ̀dọ̀ wa. Rìmóòtù méjì ń da wọ́n lójú rú. Kí ni kí n ṣe?

Tí tẹlifíṣọ̀n bá ti ní Freeview HD nínú, ẹ má tún fi dikódà kún un, rìmóòtù kan á tó. Ẹ wọ inú Menu, ẹ fi àwọn ìkànnì tí wọ́n ń wò sínú Favourites, kí ẹ̀rọ má máa kó wọn gba inú ìkànnì tí wọn ò mọ̀. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kó máa ṣí sórí 101.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé páálí kékeré kan, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà pẹ̀lú tàdáwà dúdú: 101 ÌRÒYÌN, 103 ERÉ. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rìmóòtù. Ilé kan ní Abbey Wood tí mo ti ṣe èyí, màmá náà kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà, a fi àwọ̀ ṣe tiwọn: pupa fún ìròyìn, búlúù fún eré. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ wọn pè mí pé màmá ti ń wo ìròyìn aago mẹ́fà fúnra wọn, wọ́n sì ń béèrè pé àwọ̀ wo ni màá fi ṣe ti orin ìyìn ọjọ́ Sunday.